"Kò Kàn Mí": Ọ̀rọ̀ Àìbìkítà àti Ohun Tí Ó Ṣẹlẹ̀ ní Òde-Ìrèlè

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí àti ẹ̀yin òbí wa, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í wọ́n lẹ́nu wa. Ọmọdé ń sọ ọ́, àgbà ń sọ ọ́. A ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀ nígbà tí awakọ̀ bá ń sáré àsápajúdé tí arúgbó kan sì ń bẹ̀ ẹ́ pé kó rọra. A ń sọ ọ́ ní ọjà. A ń sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí pẹ̀lú tẹ̀sùbáà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni "kò kàn mí". A fẹ́ kí a jọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí a sì wo ìtàn kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀ ní ọdún 2015, nítorí pé ìtàn náà ni ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé àwa fúnra wa.

Yorùbá ní orúkọ tó pọ̀ fún ìwà yìí. Ẹni tí kò ka nǹkan sí ni à ń pè ní aláìbìkítà. Ẹni tí kò mọ iyì ohun tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀, aláìnáání ni. Ṣùgbọ́n dágunlá burú jù wọ́n lọ. Aláìbìkítà lè jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kò tíì yé. Ẹni tí ó dágunlá gbọ́, ó rí, ó mọ̀, ó kàn mọ̀ọ́mọ̀ yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan ni. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe pe dágunlá ní ìmójúkúrò o. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ tí ó mójú kúrò, ìwà rere ni ó hù, nítorí pé ẹ̀tọ́ ara rẹ̀ ni ó fi sílẹ̀. Ẹni tí ó rí ewu tí ó fẹ́ pa ọmọnìkejì rẹ̀, tí ó wá ní òun mójú kúrò, ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn ni ó fi tọrẹ.

"Kò kàn mí" ni a fẹ́ dúró tì ní tiwa. Ẹ wo "kàn" tí ó wà nínú rẹ̀. Bí a bá ní ọ̀rọ̀ kàn wá, ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà jẹ́ tiwa. Bí àwọn ọmọ tí ó tò sí ìdí ẹ̀rọ omi bá sì ń bèèrè pé "Ta ló kàn?", ohun tí wọ́n ń bèèrè ni ẹni tí yóò pọn omi tẹ̀ lé e. Ẹni tí ó bá dáhùn pé "Ó kàn mí", àyè tirẹ̀ ni ó dé yẹn. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, ohùn kan náà ni, kò sí àmì kankan tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Nígbà náà, "kò kàn mí" ní ìtumọ̀ méjì. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe tèmi. Èkejì ni pé kò tíì yí kàn mí. Èkíní ni àwa tí à ń sọ ọ́ máa ń ní lọ́kàn.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a lọ sí ilẹ̀ Ìkálẹ̀. Ilẹ̀ yìí wà ní gúúsù ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó bá àwọn ará Ìlàjẹ pààlà ní ìhà ibi tí omi wà. Òkìtìpupa ni ìlú ńlá ibẹ̀, èyí tí àwọn àgbà mọ̀ sí Òde-Ìdepe. Òde-Ìrèlè kò jìnnà sí i, òun sì ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrèlè. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni, ilẹ̀ àbàtà tí igi ògùrọ̀ ń wù dáadáa ni pẹ̀lú. Láti ara ọ̀pẹ àti ògùrọ̀ ni wọ́n ti ń dá ẹmu, láti ara ẹmu ni wọ́n sì ti ń ṣe ọtí líle tí a mọ̀ sí ògógóró.

Ní àárín oṣù kẹrin ọdún 2015, ikú kan bẹ̀rẹ̀ sí í pa ènìyàn ní Òde-Ìrèlè. Orí á máa fọ́ ẹni tí ó bá mú, ojú rẹ̀ á ṣókùnkùn, kò ní mọ ibi tí ó wà mọ́, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ ó lè ti kú. Nígbà tí ó fi máa di ọjọ́ 19 oṣù náà, kọmíṣánnà fún ètò ìlera ní ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà, Dókítà Dayo Adeyanju, sọ fún àwọn oníròyìn pé ènìyàn 23 ni ó mú, 18 nínú wọn sì ti kú.

Ẹ rántí àkókò tí à ń sọ. Kò tíì pé ọdún kan tí àrùn Ebola wọ Èkó, ní oṣù keje ọdún 2014. Ènìyàn 20 ni ó mú ní Nàìjíríà, 8 nínú wọn kú, kí Àjọ Ìlera Àgbáyé tó kéde ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà pé ó ti kúrò nílẹ̀ wa. Ọkàn gbogbo ènìyàn kò tíì balẹ̀. Nígbà tí ìròyìn Òde-Ìrèlè jáde, Ebola ni ó kọ́kọ́ wá sí ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn mìíràn ní òrìṣà ni. Wọ́n ní àwọn kan ti lọ jí nǹkan ní ojúbọ Málókun, pé òrìṣà náà ló ń gbẹ̀san. Ìròyìn yìí rìn jìnnà, àwọn ìwé ìròyìn òkè òkun pàápàá gbé e.

A kò fẹ́ fi àwọn ará Ìrèlè ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí ìtàn yìí. Ibi yòówù tí ikú bá ti dé láìsọ orúkọ ara rẹ̀, ènìyàn á wá orúkọ fún un. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí iṣẹ́ tí ìtàn náà ń ṣe fún ẹni tí ó bá gbà á gbọ́: ó sọ ikú náà di ti olè. Ẹni tí kò bá jalè ní ojúbọ, kò kàn án, ó lè sùn. Bẹ́ẹ̀, ohun tí ó ń pa ènìyàn wà nínú ìgò.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé àyẹ̀wò fi hàn pé kì í ṣe àrùn tí ń ràn, wọ́n sì kọ́kọ́ fura sí oògùn apako. Wọ́n kó ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ àwọn tí ó mú lọ fún àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Èkó tí ó wà ní Ìdí-Àràbà. Ohun tí wọ́n wá rí ni methanol. Inú ògógóró ni àwọn ènìyàn náà ti mu ún.

Báwo ni nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe dé inú ọtí? Ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń pọn ọtí yìí. Wọn á dá ẹmu jọ, wọn á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀ kí ó kan dáadáa. Wọn á rọ ọ́ sínú àgbá irin lórí iná. Ooru rẹ̀ á gba inú páìpù, páìpù náà á gba inú omi tútù kọjá, ooru á sì di omi padà, á máa kán tótó sínú ìgò ní ìdí kejì. Iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Owó rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ní àgbègbè náà fi rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, àwa tí a sì mọ ohun tí ẹ̀sìn wa sọ nípa ọtí kò gbọdọ̀ purọ́ pé kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìjọba òyìnbó kò fẹ́ràn iṣẹ́ yìí, kì í sì í ṣe nítorí ìlera ẹnikẹ́ni. Kí ogun ọdún 1914 tó dé, owó ibodè tí wọ́n ń gbà lórí ọtí líle láti òkè òkun wà lára owó tí ó tóbi jù tí ìjọba gúúsù Nàìjíríà ń rí. Ní ọdún 1919, àwọn ìjọba Yúróòpù ṣe àdéhùn kan ní Saint-Germain nílẹ̀ Faransé, tí ó fòfin de pípọn ọtí líle ní àwọn ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà lábẹ́ wọn. Nígbà tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé dẹnu kọlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 1929, tí owó kò sí lọ́wọ́ ènìyàn, tí jíìnì òkè òkun sì wọ́n gógó, àwọn ènìyàn gúúsù bẹ̀rẹ̀ sí í pọn tiwọn. Láàrin ọdún díẹ̀ ó ti tàn ká. Ìjọba pè é ní ọtí tí kò bófin mu, ọlọ́pàá ń fọ́ àgbá, wọ́n ń mú ènìyàn lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ọtí tí ó gba ibodè wọlé kò jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ lójú wọn rárá.

Ohun tí òfin yẹn bí ni ó ṣe pàtàkì sí ìtàn wa. Ọtí náà kò parẹ́, inú igbó ni ó sá wọ̀. Ohun tí ó bá wà nínú igbó, kò sí ẹni tí ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò sí ẹni tí ń wọ̀n ọ́n, kò sí ẹni tí ń bèèrè pé kí ni ẹ pò mọ́ ọn. Àwọn agbófinró ṣì ń lépa àwọn tí ń pọn ọ́n lẹ́yìn tí a gba òmìnira. Ìjọba mọ̀ pé gbogbo ìlú ni ó ń mu ún, ó sì dágunlá. Ẹni tí ń rà á ní àgbá ńlá kò bèèrè ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ń tà á ní ife kò bèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e wá. Ẹni tí ń mu ún kò bèèrè rárá. Gbogbo wọn ni ó ní ẹni tí ọ̀rọ̀ náà yẹ kí ó kàn ṣáájú wọn.

Methanol kì í ṣe ohun àjèjì. Wọ́n ń lò ó nínú iṣẹ́ ọ̀dà àti fánííṣì, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá ń lò ó láti fi ṣe nǹkan mìíràn. Kò ní àwọ̀. Òórùn rẹ̀ jọ ti ọtí. Èyí tí ẹmu fúnra rẹ̀ ń mú wá kéré jọjọ. Ohun tí ó sábà máa ń mú kí ọtí ìbílẹ̀ pa ènìyàn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan ni pé ẹnì kan bu methanol ilé iṣẹ́ lé e kí ó lè pọ̀ sí i, kí ó sì ta ènìyàn lágbárí. Tí ó bá wọ inú ara, ẹ̀dọ̀ ni yóò sọ ọ́ di májèlé mìíràn tí ń ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́, tí ó sì ń pa iṣan tí ń gbé ìríran láti ojú lọ sí ọpọlọ. Mílílítà 10 péré, tí kò ju ṣíbí tíì méjì lọ, lè fọ́ ènìyàn lójú. Mílílítà 30 lè pa á.

Ohun tí ó tún burú ni pé kì í tètè fara hàn. Ó lè tó wákàtí 12, ó lè tó 24, kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ. Ẹni tí ó mu ún ní alẹ́ á sùn, á jí, á lọ sí oko. Nígbà tí ojú bá wá ń ṣókùnkùn ní ọ̀sán, ta ni yóò rántí ife àná? Àwọn tí wọ́n jọ mu ún pàápàá ti túká. A rò pé ohun tí ó jẹ́ kí ìtàn òrìṣà rọrùn láti gbà gbọ́ ní Ìrèlè nìyẹn. Ọ̀nà jìn láàrin ẹ̀ṣẹ̀ àti ìyà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá dé ọ̀dọ̀ ara wa, nítorí pé ọ̀dọ̀ ara wa ni a ń bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ènìyàn wa lórí irú ikú báyìí kò ju ọ̀kan lọ: "Àwa kì í mu ọtí, kí ló kàn wá?" Òótọ́ ni pé a kì í mu ún, àti pé ìyẹn ti gba ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ènìyàn là. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, ní Tripoli, olú ìlú Líbíà, níbi tí títa ọtí ti jẹ́ èèwọ̀ nínú òfin ìlú, ó lé ní 50 ènìyàn tí ọtí tí a pò mọ́ methanol pa. Ní Ìráàn ní ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ń jà, àhesọ kan ń lọ kiri pé ọtí líle ń pa àrùn náà. Ìjọba ibẹ̀ sọ pé ó lé ní 700 ènìyàn tí methanol pa láàrin oṣù bí i méjì. Ọmọ ọdún márùn-ún kan wà níbẹ̀ tí àwọn òbí rẹ̀ fún mu nítorí àrùn yẹn. Ojú rẹ̀ fọ́. Ọmọ Mùsùlùmí ni a ń sọ yìí, kì í sì í ṣe ọ̀mùtí.

Kí a tó lọ sí Ìráàn pàápàá, ṣé a ti gbàgbé "My Pikin"? Láti oṣù kọkànlá ọdún 2008 wọ ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2009, oògùn olómi tí àwọn ìyá ń fún ọmọ tí ń hu eyín di májèlé ní Nàìjíríà. Ohun tí ó yẹ kí wọ́n fi pò ó kọ́ ni wọ́n fi pò ó. Kẹ́míkà tí ń pa kíndìnrín ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ 84 ni wọ́n kà tí ó kú. Bí a bá wo ìdí ọ̀rọ̀ náà, ohun kan náà ni pẹ̀lú ti Ìrèlè: kẹ́míkà tí ń ti ọwọ́ dé ọwọ́, tí kò sí ẹni tí ó ṣí i wò. Kò sí ọmọ ìkókó kan tí ń mu ọtí.

Ànọ́bì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) ti fi àwọn tí ó jọ wọ ọkọ̀ ojú omi kan ṣe àpèjúwe, tí àwọn kan wà ní òkè, tí àwọn kan wà ní ìsàlẹ̀, tí àwọn ti ìsàlẹ̀ sì fẹ́ lu ihò kí wọ́n lè rí omi pọn. Ẹni tí ó bá ti wọ ọkọ̀ ní Ìgbókòdà rí kò nílò àlàyé. Ohun tí a máa ń fò nínú àpèjúwe yìí ni pé àwọn tí ó fẹ́ lu ihò kì í ṣe ènìyàn burúkú. Àyè tiwọn ni wọ́n fẹ́ lu. Wọn kò tilẹ̀ fẹ́ yọ àwọn ti òkè lẹ́nu mọ́ ni. Àwọn baba wa náà ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò tí kò sunwọ̀n, tí a kò bá sọ fún un, hùrù-hẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Òwe yìí kò ní kí a sọ fún un nítorí àánú. Oorun tiwa ni ó ń bá wa gbèjà.

A tún ní àpẹẹrẹ bí nǹkan ṣe ń rí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan gbogbo ènìyàn. Nígbà Ebola tí a mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá ènìyàn tí ó tó 900 tí ó ti fara kan aláìsàn tàbí tí ó súnmọ́ ọn, wọ́n sì ń lọ bẹ̀ wọ́n wò nílé lójoojúmọ́. Àbẹ̀wò náà lé ní 18,000. Wọ́n ń kan ilẹ̀kùn olówó, wọ́n ń kan ilẹ̀kùn mẹ̀kúnnù. Kò sí ẹni tí ó ní kò kan òun, nítorí pé ẹ̀rù ń ba kálukú fún ara rẹ̀. Ikú 8 ni àrùn náà pa, a sì lé e lọ. Ògógóró pa 18 ní ìlú kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ kan. Ta ni ó ń kan ilẹ̀kùn?

Ìròyìn Òde-Ìrèlè wà nínú gbogbo ìwé ìròyìn ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò, orúkọ ohun tí ó pa wọ́n ti jáde. Láàrin oṣù karùn-ún sí oṣù kẹfà ọdún kan náà, ní ìpínlẹ̀ Rivers, àwọn ènìyàn mu ògógóró, orí wọn ń fọ́, ojú wọn ń ṣókùnkùn. Ó lé ní 60 ènìyàn tí ó kú níbẹ̀, ju ìlọ́po mẹ́ta ti Ìrèlè lọ. Láti oṣù kẹrin sí oṣù karùn-ún kò jìnnà. Àwọn tí ó kú ní Rivers ti lè gbọ́ ìròyìn Ìrèlè, kí wọ́n sì kí àwọn ará ibẹ̀ kú àjálù pàápàá. Ìgbà yìí ni NAFDAC tó wá fòfin de títa ògógóró, ní oṣù kẹfà.

Òfin tún dé, bí i ti àwọn òyìnbó. A kò mọ àǹfààní tí lílé e padà sínú igbó yóò ṣe, ní tiwa o, bí kò bá sí ẹni tí ń tọ kẹ́míkà lọ sí ibi tí ó ti ń wá. Àwọn ọ̀dọ́ wa wà nídìí òwò kẹ́míkà ní Èkó àti ní àwọn ìlú mìíràn. Ẹni tí ń ta methanol fún ọlọ́dà kò ṣẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á ní gálọ́ọ̀nù tí kò sì ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀dà, ó yẹ kí a bi í léèrè ibi tí ó ń gbé e lọ, kí a sì kọ orúkọ nǹkan náà sí ara gálọ́ọ̀nù kí ó tó kúrò lọ́wọ́ wa.

Ohun kan kù tí ó yẹ kí gbogbo ilé mọ̀, yálà wọ́n ń mu ọtí tàbí wọn kì í mu ún. Bí ẹnì kan ní àdúgbò bá ń ké pé orí ń fọ́ òun, pé ojú òun ṣókùnkùn tàbí òun ń rí nǹkan funfun bí èéfín, tí inú sì ń run ún, tí ó sì ti lọ sí òde àríyá ní àná, ilé ìwòsàn ńlá ni kí a gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kí a sọ fún dókítà pé ọtí ni a fura sí, kí ìtìjú tàbí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn má di ẹnu wa. Oògùn kan wà tí ń jẹ́ fomepizole, ṣùgbọ́n ó wọ́n, kò sì wọ́pọ̀. Níbi tí kò bá sí, ọtí gidi, ìyẹn ethanol, ni àwọn dókítà ń lò, nítorí pé òun ni ẹ̀dọ̀ máa ń kọ́kọ́ bá jà, tí methanol á fi rí àyè jáde kúrò lára. Wọ́n sì lè fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí bá ń kọ lóminú, ẹ bi àwọn àlùfáà wa, wọn á sọ fún yín pé pàjáwìrì ní òfin tirẹ̀. Dókítà ni ó ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe ará ilé. Tiwa ni kí a tètè gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí wákàtí 24 yẹn tó pé.